Ìlú Tí Mo Fò Nínú Orin

Ẹ dín sípíkà yẹn kù díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Kì í ṣe pé mo kórìíra orin yín o. Orin tí ẹsẹ̀ bá ti lè jó sí, kò sí èyí tí kò dùn létí mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi ni. Ọ̀kan nínú yín bi mí lánàá pé kí ló dé tí àwa àgbà Ọ̀jọ́ fi máa ń jó lọ sétí omi lọ́dọọdún, tí a ó máa pe orúkọ àwọn abúlé tí kò sí mọ́. Mi ò dá a lóhùn lánàá, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ẹ jókòó.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibi tí ẹ ń pè ní Ìyànà Ìbà lónìí, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tò sórí ìlà níwájú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, igbó ni. Ìyá mi a máa ṣẹ́gi níbẹ̀, wọ́n á sì máa kọrin sókè kí ejò lè gbọ́ pé èèyàn ń bọ̀. Òkòkómáíkò tí ilé ti fara gbún ilé yìí, oko ẹ̀gẹ́ àti igi àgbọn ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Èkó kì í wá ọkọ̀ lọ sójú títì, torí kò sí títì kankan tó ń lọ síbẹ̀. Etí omi ló ń lọ. Ojú omi ni àgbọn ń gbà, ojú omi ni ẹja gbígbẹ ń gbà, ojú omi ni ìyàwó ń gbà lọ sílé ọkọ, pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò rẹ̀.

Ohun tó ń jí wa láàárọ̀ nígbà náà kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Àjẹ̀ ni. Kó, kó, kó, lára ọkọ̀. Kí àwọn atukọ̀ tó ṣí, wọ́n á fi àjẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹnìkan á gbé orin, àwọn yòókù á gbè é. Bí ohùn ò bá ṣọ̀kan, àjẹ̀ ò lè ṣọ̀kan. Bí àjẹ̀ ò bá sì ṣọ̀kan, ọkọ̀ á kàn máa pòyì lójú kan bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gùn tí a jọ ń gbé etí omi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èdè wa lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí àjẹ̀ bá ti dún, a ti gbọ́ ara wa yé. Nítorí náà, ẹ má rò pé eré lásán ni orin lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ ni.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí òjò bá ti dá tí ojú ọ̀sà sì ti mọ́, a máa ń ṣe ọdún odò. Àwọn àgbà á gbé ẹ̀kọ tútù, oyin àti obì ṣíwájú, àwa á máa jó tẹ̀ lé wọn láti ojúlé àgbà ìlú títí dé etí omi. Orin ọjọ́ náà gùn. Ó ń ka àwọn abúlé tí àwọn baba wa tẹ̀dó sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra láti ọ̀nà Àgbádárìgì wá. Olórin á pe orúkọ abúlé kan, á kì í, á wá béèrè pé, "Ṣé ẹ jí?" Àwọn ọmọ abúlé náà nìkan ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Wọ́n á ní, "A jí o, a wà níbẹ̀!" Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bá wọn dá sí i. A kì í bá èèyàn jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Abúlé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ijó tirẹ̀. Bí ó bá kan Ìdí-Akàn, ẹ̀gbẹ́ la ó máa gbá lọ bí akàn. Bí ó bá kan Abẹ́-Èèsún, a ó máa gbé ẹsẹ̀ ga, torí pé èèsún ibẹ̀ le, ó sì ń gé ni lójúgun. Bí a bá dé Etí-Ẹrẹ̀, a ó máa fa ẹsẹ̀ yọ bí ẹni tó rì sínú pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n wọ agbo ijó, ṣòkòtò tuntun ni mo dá, mo rò pé kò sí irú mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Okùn ṣòkòtò já ní Ìdí-Akàn gan-an. Mo fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, mo ń gbá ẹ̀gbẹ́ lọ. Àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn rò pé ijó náà ti ní ẹ̀dà tuntun, ni àwọn náà bá di ìró wọn mú, wọ́n ń gbá ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé mi. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń pè mí ní Alákàn.

Ẹni tó ń gbé orin náà fún wa ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Lánwá. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ bí ọ̀pá ìtukọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ẹnu, ẹni tó wà lókè odò kejì á gbọ́. Àwọn nìkan ló mọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwa elégbè mọ̀ ọ́n bí ẹni ń jẹ ọbẹ̀ ṣe mọ ọbẹ̀: a mọ̀ pé ó dùn, a ò mọ bí wọ́n ṣe lọ ata. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Bàbá Lánwá ò ní lè kọrin.

Títì ńlá dé. Mi ò bú títì o, títì ló jẹ́ kí èmi náà rí oníbàárà. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́, ẹ̀bá títì ní Ìyànà Ìbà ni mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí. Ṣùgbọ́n bí títì ṣe dé ni ilẹ̀ di wúrà. Wọ́n ta díẹ̀, wọ́n gba díẹ̀, àwọn abúlé etí omi sì ń wọlé sínú àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ibẹ̀ fọ́nká. Ẹlòmíràn kó lọ sí Ìbà, ẹlòmíràn gba Alábà lọ. Agbo ijó tó máa ń kún ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Ìgbà náà ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Lánwá. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì parẹ́ lẹ́nu wọn. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù: "Bẹ́ẹ̀." Bí ebi bá ń pa wọ́n, "Bẹ́ẹ̀." Bí inú bá ń bí wọn, "Bẹ́ẹ̀!" Ẹnu tó ń pe gbogbo ìlú kò lè pe orúkọ ọmọ tó bí mọ́.

Ọdún mẹ́ta la ò fi ṣe ọdún odò. Nígbà tó di ọdún kẹrin, àwọn àgbà pe ìpàdé, wọ́n ní ká kúkú fi obì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ odò, ká fi òpin sí i, nítorí pé ẹni tó mọ orin ti di odi. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi ni: "Èmi á gbé e." Gbogbo wọn wò mí. Ẹnu mi ti yá ju orí mi lọ. Oṣù mẹ́ta péré ló kù.

Ọ̀dọ̀ mi ni Bàbá Lánwá ń gbé nígbà náà, èmi àti ìyàwó mi là ń tọ́jú wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀ kì í ṣe ará ibí o. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni mo ti fẹ́ ẹ, ìjọ aláṣọ funfun ló sì ń lọ, bó ti ń lọ di òní. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo sọ ní ìpàdé, ó bá mi jà.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ fẹ́ lọ bọ omi?"

Mo ní, "Orúkọ àwọn tó ti kú ni mo fẹ́ lọ pè. Nínú ìjọ yín, ṣé ẹ ò pe orúkọ áńgẹ́lì ni? Àwọn áńgẹ́lì yẹn, ṣé ìbátan yín ni wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Mi ò ní bá yín bọ omi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọrin nínú ilé mi, mo lè bá a gbè é."

Mo ti kan igi ìdìmú gígùn kan mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, kí Bàbá lè máa fi ọwọ́ òsì dì í mú rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń kan àpótí kan lápá ibẹ̀. Òòlù mi ń dún, kó, kó, kó. Bàbá dúró ti igi wọn. Ṣàdédé ni Ìyá Bọ́sẹ̀ ké láti ìdí ààrò.

"Bàbá Bọ́sẹ̀! Ẹ wo ẹsẹ̀ Bàbá! Akàn nìyẹn!"

"Akàn wo?"

"Akàn inú omi kẹ̀! Ẹ wò ó, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbá lọ!"

Mo gbójú sókè. Bàbá di igi mú, ẹsẹ̀ òsì ń ṣíwájú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́, ó bá ìró òòlù mi mu rẹ́gí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹnu mi ti là: "Ìdí-Akàn, ọmọ arìn-lẹ́gbẹ̀ẹ́-délé, ṣé ẹ jí?" Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá fún ọ̀sẹ̀ méjì! Omi bọ́ lójú Bàbá. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ orin náà o. Mo ń lu òòlù, ẹsẹ̀ Bàbá ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi ń túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti wà lágbárí mi láti ìgbà èwe, tí mi ò mọ ibi tó wà, ijó ló ń fà á jáde. Bí mo bá gbà á sódì, Bàbá á dúró gbọn-in, wọn ò ní gbé ẹsẹ̀ títí n ó fi rí i. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ń gbè é láti ìdí ààrò, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá ìjọ rẹ̀ tó bá wá kí i fi ń béèrè pé orin ẹ̀mí wo ló dùn tó báyìí.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dà wá láàmú. Bí a bá ti kúrò ní Abẹ́-Èèsún, kí a tó dé Etí-Ẹrẹ̀, ọwọ́ Bàbá á kúrò lára igi, wọ́n á tẹ̀ síwájú, ọwọ́ náà á sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún. A rò pé agara ti dá wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀ á sáré gbé àga wá.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ó ti tó."

Bàbá á fi ọwọ́ ti àga dànù. "Bẹ́ẹ̀! Bẹ́ẹ̀!"

Èmi á ní, "Ẹ má bínú, Bàbá mi. A ó tún ṣe é lọ́la." Lọ́la, bó bá ti dé ibẹ̀, a ó tún fi tipátipá gbé wọn jókòó.

Ọjọ́ ọdún pé. Èrò tó jáde kọjá ohun tí a rò. Àwọn àgbà gbé ẹ̀kọ àti oyin ṣíwájú. A gbé Bàbá Lánwá sórí àga níwájú ilé, lójú ọ̀nà gan-an, kí wọ́n lè máa wò wá bí a ṣe ń kọjá. Mo gbé orin. Ohùn mi kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó là. Mo pe Ìdí-Akàn, wọ́n dáhùn. Mo pe Abẹ́-Èèsún, wọ́n dáhùn. Orí mi ti ń wú. Mo ti fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, mo fẹ́ pe Etí-Ẹrẹ̀, ni ìyá arúgbó kan bá jáde láàárín èrò, wọ́n sì dúró sáàárín ọ̀nà, wọ́n na ọ̀pá wọn bí ẹni dí ẹnu odi.

"Ẹ dúró!"

Agbo dúró. Àwọn àgbà dá wọn mọ̀, Ìyá Adùkẹ́ ni.

"Ta ló ń gbé orin yìí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ àbúrò Bàbá Lánwá ni mí, Mà."

"Bàbá Lánwá ò fò wá rí nínú orin. Kí ni a ṣe fún ọ tí o fi fò wá?" Ohùn wọn ń gbọ̀n. "Ìbà ni mo ti wá. Láti òwúrọ̀ ni mo ti dúró sínú oòrùn yìí, mò ń retí kí o pè wá kí n lè dáhùn. O gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú èèsún, o sì tì í bọ inú ẹrẹ̀. Ilé wa ńkọ́? Ṣé ojú ọ̀run ni Olómitútù wà ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, Olómitútù ò sí mọ́ nau. Ilé ni wọ́n ti kọ́ síbẹ̀."

Ìyá Adùkẹ́ yíjú sí i. "Mo mọ̀ pé ilé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Ìyá gbé ọ̀pá wọn fún ẹni tó wà nítòsí. Wọ́n tẹ̀ síwájú. Wọ́n na ọwọ́ sísàlẹ̀ títí dé orúnkún, wọ́n ká ọwọ́ náà kòròbòtò bí igbá, wọ́n sì gbé e wá sókè rọra, bí ẹni tó ń bu omi tí kò fẹ́ kó dà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, orí mi fò lọ. Omi! Omi ni Bàbá ń bù láti bí oṣù méjì ó lé, tí àwa ń gbé àga wá! Èmi náà ti bu omi yẹn lọ́mọdé, mo sì ti gbàgbé.

Mo fi agbo sílẹ̀. Mo sáré padà sí ọ̀dọ̀ Bàbá Lánwá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ lójú gbogbo ayé. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Omi lẹ̀ ń bù. A rò pé ó rẹ̀ yín ni." Bàbá wò mí. Ìyá Bọ́sẹ̀ tó dúró tì wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú Bàbá wá, ẹ̀rín tí a ò gbọ́ láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì. Wọ́n fi ọwọ́ òsì lù mí lẹ́yìn, "Bẹ́ẹ̀! Bẹ́ẹ̀! Bẹ́ẹ̀!"

Mo rò pé a ó kàn fi Olómitútù há ibi tó yẹ, ká máa lọ. Àwọn àgbà kọ̀. Wọ́n ní a kì í lẹ àbùlẹ̀ mọ́ orin odò. Ojúlé àgbà ìlú la ó padà sí, ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kùn, oòrùn ti kan àtàrí. Àwọn kan tilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí a rìn kí a pọ̀, yíyẹ ní í yẹ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà. A gbá ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. A gbé ẹsẹ̀ nínú èèsún lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, mo tẹ̀, gbogbo ojú ọ̀nà tẹ̀ pẹ̀lú mi, tọmọdé tàgbà, a jọ bu omi tí kò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Olómitútù, ọmọ afomi-tútù-pòùngbẹ, ṣé ẹ jí?"

Ìyá Adùkẹ́ nìkan ni. "A jí o! A wà níbẹ̀!"

Kò sẹ́ni tó bá wọn gbè é, nítorí a kì í bá èèyàn jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohùn arúgbó, ó tín-ín-rín, ó sì fẹ́ já lágbedeméjì, ṣùgbọ́n kò já. Òrùlé tí mo ti gbé sókè ní Ọ̀jọ́ yìí kò lóǹkà, mo sì mọ ohun tó ń jẹ́ òpó. Ọjọ́ náà ni mo rí ohùn ẹyọ èèyàn kan tó gbé odidi abúlé ró.

Bàbá Lánwá lo ọdún méjì sí i kí wọ́n tó sùn, orin náà sì pé lẹ́sẹ̀ mi kí wọ́n tó lọ. Ìyá Adùkẹ́ náà lọ lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yin ò mọ bí àyà mi ṣe ń já lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo tẹ̀, mo bu omi, mo pe Olómitútù, mo dákẹ́. Mo ń rò ó nínú pé bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn ńkọ́? Ṣé màá máa pe òfìfo ni? Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ẹ̀yìn. Ọmọ Ìyá Adùkẹ́ ni, tó ń ránṣọ ní Òkòkómáíkò. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ijó náà kó tó kú.

Láti ọdún náà ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Ọmọ ń mú ọmọ bọ̀, ẹ̀gbọ́n ń mú àbúrò. Àwọn mìíràn wá láti Alábà, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa fún wákàtí mélòó kan. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ Ìyá Adùkẹ́ kan mú ọkọ rẹ̀ wá, ọmọ Ìbò tó ń ta tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin náà gbé ọmọ wọn kọ́ ọrùn. Mo ti pe Olómitútù, àwọn ìyókù ti dáhùn, mo sì ti fẹ́ máa bá tèmi lọ, ni mo gbọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ohùn Ìbò kígbe rẹ̀ sókè fatafata: "A jí o! A wà níbẹ̀!" Ọmọ orí ọrùn rẹ̀ náà kígbe, ó ní kí wọ́n tún un pè. Gbogbo agbo rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àna ti di ọmọ ilé. Àwọn ará Olómitútù bá tún dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo wọn pọ̀, ohùn wọn sì lé ẹyẹ kúrò lórí igi etí omi.

Èmi kò sọ pé ó tó. Mo dúró sójú kan, mo gbé ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ fi kọjá sí Etí-Ẹrẹ̀ sókè, mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi dáhùn tán.